Kí Alárenà Yẹ̀ Ba

Bí ẹni tó ń to ojú ìwé ní Bódìjà bá parí iṣẹ́ rẹ̀, tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ṣómólú, ọ̀nà tí fáìlì náà yóò gbà kò yẹ kó ju ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó lọ. Ohun tí àwa tí a kọ ìkéde yìí dúró lé lórí nìyẹn. Bí nǹkan ṣe rí lónìí yàtọ̀. Fáìlì náà á kọ́kọ́ sọdá òkun lọ sí sáfà ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà, á jókòó síbẹ̀, òǹtẹ̀wé á wá lọ fà á wálẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni kẹta tí kò sí nínú àdéhùn wọn á mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á, aago tó lù nígbà tó gbà á, àti bí ẹrù náà ṣe wúwo tó.

Wáyà wà láàárín Ìbàdàn àti Èkó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àdírẹ́ẹ̀sì ni kò sí. Kọ̀ǹpútà méjèèjì wà lẹ́yìn NAT, kò sì sí nọ́ńbà tí ẹni tó wà níta lè fi pe èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí a gbà gbọ́ nípa NAT yìí la fẹ́ sọ, pẹ̀lú ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe áàpù, lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, àti lọ́wọ́ ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ẹ ní sùúrù fún wa níbi tí a bá ti ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n pọ̀ jù yín lọ, àwọn ló sì ń ra dátà.

Lọ́dún 1981 ni ìlànà IPv4, èyí tó ń fún kọ̀ǹpútà ní àdírẹ́ẹ̀sì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, jáde, bíìtì 32 sì ni wọ́n fún àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó lè ti inú rẹ̀ jáde kò ju 4,294,967,296 lọ. Lójú àwọn tó ń pín in nígbà náà, ohun tí kò lè tán ni. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, MIT, gba àdírẹ́ẹ̀sì tó lé ní mílíọ̀nù 16, ó sì di ọdún 2017 kó tó kéde pé òun fẹ́ tà lára wọn. AFRINIC, àjọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún ilẹ̀ Áfíríkà, kò rí àyè dá dúró títí di ọdún 2005. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011, IANA, àjọ tó ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo ayé, ti pín ìdì àdírẹ́ẹ̀sì márùn-ún tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn àjọ márùn-ún káàkiri ayé. Àpótí ṣófo.

Àwọn kan ti rí i ṣáájú pé yóò ṣófo. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1994, Kjeld Egevang àti Paul Francis kọ RFC 1631, ìwé tó ṣàlàyé NAT, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ bí ohun tí a lè fi dín ìbéèrè fún àdírẹ́ẹ̀sì kù ná, kí ojútùú ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó dé. Ọgbọ́n náà rọrùn. Ráútà ilé yín ní àdírẹ́ẹ̀sì kan tí ìta mọ̀. Fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé ní àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé, irú 192.168.1.5, tí àìmọye ilé mìíràn ń lo èyí kan náà gan-an. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ránṣẹ́ síta, ráútà á nu àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé kúrò lára ìdì dátà náà, á fi tirẹ̀ rọ́pò, á fún un ní nọ́ńbà pọ́ọ̀tù kan, á sì kọ ọ́ sínú tábìlì rẹ̀ pé pọ́ọ̀tù 41027, ti 192.168.1.5 ni. Bí èsì bá dé sí 41027, ó mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n bí ìdì dátà kan bá ṣàdédé yọ láti ìta, tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó kọ́kọ́ ránṣẹ́ jáde, ráútà á wo tábìlì, kò ní rí nǹkan kan, á dà á nù. Ẹni tó bá pè ni wọ́n ń dá lóhùn. Nígbà tí ẹni méjèèjì bá wá wà lẹ́yìn irú ráútà bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì lè pè títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sí ẹni tó máa gbọ́.

Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fúnra rẹ̀ ń fi àdírẹ́ẹ̀sì kan bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 2012, RFC 6598 ya àdírẹ́ẹ̀sì láti 100.64.0.0 dé 100.127.255.255 sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ẹ wọ inú ètò MiFi yín, ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tí ilé iṣẹ́ náà fún un. Bó bá bọ́ sáàárín àwọn tí a kà yìí, tàbí tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá jẹ́ 10 gan-an, NAT méjì ló wà níwájú yín, ìkejì kò sì sí ní ìkáwọ́ yín. Gbogbo ìmọ̀ràn tó ní kí ẹ lọ ṣí pọ́ọ̀tù lórí ráútà ti di òfo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó ra kámẹ́rà sí ilé tó ń kọ́ ní Ìkòròdú kì í rí ilé ara rẹ̀ àfi tó bá gba ọ̀dọ̀ sáfà ẹni tó ṣe kámẹ́rà náà.

Àwọn àgbà ní bí ọkọ àti ìyàwó bá ti mọ ara wọn tán, alárenà a yẹ̀ ba. Ohun tí a ń wí náà nìyẹn. Sáfà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ fún Bódìjà pé ibi báyìí ni Ṣómólú wà ti di ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ń gbà kọjá láti òwúrọ̀ dalẹ́. Alárenà ti kó ẹrù wọ yàrá ìyàwó, ó tún ń gbowó oṣù lọ́wọ́ ọkọ.

A gbà pé iṣẹ́ alárenà ni kó fi ojú mọ ojú, kó sì máa lọ. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí, ó sì tọ́ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bá wa rìn mọ̀ ọ́n lórí. Kọ̀ǹpútà Bódìjà á ránṣẹ́ sí sáfà STUN kan, á bi í pé: àdírẹ́ẹ̀sì wo lo rí lára mi? Sáfà á dá a lóhùn: àdírẹ́ẹ̀sì báyìí, pọ́ọ̀tù báyìí. Ohun tí NAT fi bò ó ló rí kà síta yẹn. Ṣómólú náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Alárenà á gbé ti ọ̀kan fún èkejì. Àwọn méjèèjì á wá fi ìdì dátà UDP ṣọwọ́ síra wọn ní àsìkò kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ ti Bódìjà wá lè kú sí ẹnu ọ̀nà Ṣómólú, torí tábìlì ibẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ikú rẹ̀ kò já sófo. Bó ṣe ń jáde nílé ló ti mú kí ráútà Bódìjà kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ń retí èsì láti Ṣómólú. Nígbà tí ti Ṣómólú bá dé, ráútà á rò pé èsì ọ̀hún ló dé, á jẹ́ kó wọlé. Ọ̀nà là nìyẹn. A kò já ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, a kò sì tọwọ́ bọ ètò ráútà kankan.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 2005, Bryan Ford, Pyda Srisuresh àti Dan Kegel tẹ àbájáde ìdánwò wọn jáde: nínú àwọn NAT tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bíi 82 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà kí a la ọ̀nà báyìí pẹ̀lú UDP, nǹkan bíi 64 sì gbà á pẹ̀lú TCP. Lọ́dún 2010, ìlànà ICE kó gbogbo ọgbọ́n náà jọ sójú kan: kí ẹ kó gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tí ẹ lè fi dé ọ̀dọ̀ ara yín jọ, kí ẹ dán wọn wò ní méjì-méjì, kí ẹ mú èyí tó dára jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí WebRTC, èyí tó ń lo ICE yìí, ó sì wà nínú Chrome àti Firefox tó wà lórí fóònù yín báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iye tó ń gbà lóṣù.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká wa lára ju ibi gbogbo lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì wà ní yàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, lórí Wi-Fi kan náà. Ọ̀kan fẹ́ fún èkejì ní fídíò ẹ̀kọ́ tó tó gígábáìtì kan. Bí wọ́n bá gbé e gba orí ìkùukùu, gígábáìtì kan gòkè, gígábáìtì kan sọ̀kalẹ̀, méjì ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín ibùsùn àkọ́kọ́ àti ìkejì. Bí àwọn kọ̀ǹpútà náà bá kọ́kọ́ dán àdírẹ́ẹ̀sì abẹ́lé wò, bí ICE ṣe pa á láṣẹ, dátà kankan kò ní lọ rárá. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi Xender gbé fíìmù fún ara wọn ti mọ èyí tipẹ́. Áàpù tó bá gba dátà gígábáìtì méjì lọ́wọ́ ẹni méjì tó wà nínú yàrá kan náà, a ò ní pè é ní àìmọ̀kan mọ́.

Bí NAT yóò bá ṣì máa bá wa gbé, a fẹ́ kó mọ̀wà hù. A kò fẹ́ dá òfin tuntun sílẹ̀. RFC 4787 ti wà láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007. Ó ní kí NAT fún kọ̀ǹpútà kan ní pọ́ọ̀tù kan náà, ibi yòówù tó bá ń ránṣẹ́ sí. Ó ní kó má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú tábìlì kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ó ní kí oníbàárà méjì tó wà lẹ́yìn NAT kan náà lè fi àdírẹ́ẹ̀sì ìta dé ọ̀dọ̀ ara wọn, èyí tó ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni méjì tó ń lo ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan náà ní ìlú kan náà. Ẹ̀yà tí kò mọ̀wà hù rárá ni èyí tí wọ́n ń pè ní symmetric: ó ń fún kọ̀ǹpútà kan ní pọ́ọ̀tù ọ̀tọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bá sọ̀rọ̀, tó fi jẹ́ pé pọ́ọ̀tù tí STUN rí kọ́ ni ọ̀rẹ́ yín máa bá pàdé. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n fi ń bá irú rẹ̀ jà. Ẹni tí NAT rẹ̀ le á ṣí pọ́ọ̀tù 256, ẹnì kejì á máa fi àbá kan pọ́ọ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kàn án ní ìgbà 1,024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, nǹkan bíi 98 nínú ọgọ́rùn-ún, pé yóò kan ọ̀kan. A yìn ín. Síbẹ̀ ọgbọ́n ẹni tí wọ́n há mọ́ kọ̀rọ̀ ni, bí NAT méjèèjì bá sì le bẹ́ẹ̀, kò ràn wọ́n.

Ti tábìlì tí wọ́n ń tètè nù yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa. Ọ̀pọ̀ NAT kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Torí náà ni àwọn tó ń lo WireGuard, ètò tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, lẹ́yìn NAT fi máa ń ní kó ránṣẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 25 síra wọn, kí ọ̀nà má bàa dí. Fóònù á máa jí lẹ́ẹ̀mejì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tọ̀sán-tòru, láti sọ pé òun ṣì wà. Níbi tí iná wà lójoojúmọ́, ẹni kan lè má kíyè sí i. Níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ bátìrì bí ẹní ń ṣọ́ ẹyin, ìwà ìkà ni. A ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tó ń ta dátà ní Nàìjíríà àti ní Bẹ̀nẹ̀ pé kí wọ́n kọ bí NAT wọn ṣe ń ṣe síta, kí oníbàárà lè kà á kó tó ra síìmù. A sì ń béèrè lọ́wọ́ NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, pé kó sọ ọ́ di dandan.

A kì í ṣe ọ̀tá alárenà. Ìgbà mìíràn wà tí ojú kò ní lè mọ ojú: NAT méjèèjì le koko, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ kan dí UDP pa. Nígbà náà, sáfà TURN ni yóò bá wọn gbé e. Ẹni tó bá ní áàpù òun kò ní lo alárenà láé, irọ́ ló ń pa, àbí kò tíì gbé áàpù náà dé Èkó rí. Ohun tí a kọ̀ ni kí alárenà máa ka lẹ́tà. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì nìkan, bí WireGuard àti WebRTC ti ń ṣe é, kí ẹni tó ń gbé ẹrù má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Áàpù sì gbọ́dọ̀ fi hàn lójú fóònù, ní gbangba, bóyá tààrà ni ọ̀rọ̀ ń lọ tàbí nípasẹ̀ ẹlòmíràn.

Alárenà sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Wáyà MainOne tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2010 gùn tó nǹkan bíi 7,000 kìlómítà láti Pọtugí. Nínú irú wáyà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀rọ̀ tó bá ti Ìbàdàn lọ yà ní Pọtugí kó tó padà wá sí Ṣómólú ti rin 14,000 kìlómítà, ó ti ná mílísẹ́kọ́ńdì 70, èsì rẹ̀ á sì tún ná 70 mìíràn, ká tó ka àkókò tí ráútà ojú ọ̀nà gbà. Tààrà, ìrìn náà jẹ́ nǹkan bíi 130 kìlómítà. Kò tó mílísẹ́kọ́ńdì kan. Ìyá tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ń pe ọmọ rẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ohun tó ń wá sọdá òkun. Kí ni Ìbàdàn ń wá níbẹ̀? IXPN wà ní Èkó láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà lè gbé ẹrù fún ara wọn nílé. Ọ̀nà wà nílẹ̀, áàpù ni kò gbà á.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní Nàìjíríà, ní Bẹ̀nẹ̀, ní Gánà, ní Côte d'Ivoire. Wáyà tó wà láàárín àdúgbò kan sí èkejì kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́kàn lé sáfà òkè òkun láti bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò rí i bá sọ̀rọ̀. Àwa náà ò lè yangàn lórí èyí: ẹni tó mọ bí a ṣe ń la NAT, tó sì jẹ́ pé sáfà STUN kan ṣoṣo tó mọ̀ wà ní òkè òkun, òun náà á pòórá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n máa ń ní NAT ń dáàbò bò wá. Fáyawọ́ọ̀lù ló ń dáàbò bò wá. Ìlànà pé kí ẹni tí a kò pè má wọlé, ráútà lè pa á mọ́ láìyí àdírẹ́ẹ̀sì ẹnikẹ́ni padà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kó máa ṣe lórí IPv6, ìlànà tí wọ́n ṣe láti rọ́pò IPv4. Níbẹ̀, àwọn méjèèjì á ṣì ní láti kọ́kọ́ ránṣẹ́ síra wọn kí fáyawọ́ọ̀lù tó jẹ́ kí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n kò ní sí pé a ń fi àbá kan pọ́ọ̀tù. Ní ti UPnP, tó ń jẹ́ kí ohun èlò èyíkéyìí nínú ilé ṣí ọ̀nà fúnra rẹ̀ láìbi onílé, a ò fara mọ́ ọn, kò sì wúlò lẹ́yìn NAT ilé iṣẹ́ tẹlifóònù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gbọ́, a ó sọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tààrà, ẹni náà rí àdírẹ́ẹ̀sì IP yín, ó sì lè ti ibẹ̀ mọ ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín àti, nígbà mìíràn, ìlú tí ẹ wà. Obìnrin tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tó ń lù ú kò gbọ́dọ̀ tipasẹ̀ ìpè kan sọ ibi tó sá sí. Oníròyìn náà bẹ́ẹ̀. Signal àti WhatsApp ní ètò tó ń jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ìpè rẹ̀ gba ọ̀dọ̀ sáfà wọn, kí ẹni kejì má bàa rí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. A fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Láàárín àwọn tó mọ ara wọn, kí tààrà jẹ́ ohun tí áàpù kọ́kọ́ ń ṣe. Fún ẹni tí a kò mọ̀ rí, kí áàpù má fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹnikẹ́ni hàn kí onítọ̀hún tó gbé ìpè. Ẹni tó bá ní alárenà lòun fẹ́, kí wọ́n fún un, kí wọ́n má bi í ní ìdí.

A kò sì ní gbé ẹrù wa ru ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí Skype dé ní 2003, ohun ìyanu ni: ẹni méjì ń sọ̀rọ̀ tààrà, NAT ò dí wọn lọ́wọ́. Ara ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé kọ̀ǹpútà àwọn oníbàárà kan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn dára ń bá àwọn mìíràn gbé ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe iṣẹ́ kankan. Lẹ́yìn tí Microsoft rà á ní 2011, ó kó iṣẹ́ náà lọ sórí sáfà tirẹ̀; ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ó ti i pa. Nítorí pé ìlànà rẹ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè jogún. Àwa ò ní lo ìlànà tí a kò lè kà. A ò sì ní fi dátà tí ẹnì kan ra ní mẹ́gábáìtì-mẹ́gábáìtì gbé ẹrù ẹlòmíràn àfi tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ gbà.

IPv6 ti wà láti 1995, bíìtì 128 ni àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó kárí gbogbo wa títí láé. Lílò rẹ̀ ní Nàìjíríà ṣì kéré jọjọ. A ó máa béèrè fún un lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ta dátà fún wa. Nígbà tí a bá ń béèrè, a ò ní káwọ́ gbera.

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa báyìí kò ní owó púpọ̀ nínú. Sáfà STUN kì í gbé ẹrù ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè kúkúrú ló ń wọlé, èsì kúkúrú ló ń jáde, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì lè dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn. Ohun tó nílò kò ju àdírẹ́ẹ̀sì ìta gidi kan tí NAT kò bò lọ. Ẹ̀yin yunifásítì tí ẹ ní irú àdírẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ẹ ní sáfà ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Kútọnu, ẹ fi ètò coturn, tó ń ṣe iṣẹ́ STUN, sí i, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 3478 fún UDP, kí ẹ sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i.